Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Omi Tó Gun Òkè Èkìtì

Ìyá mi kì í fojú kan oorun tí mo bá wà lójú ọ̀nà. Tí mo bá ti kúrò ní Èkó tí mo ń bọ̀ ní Adó, ìpè rẹ̀ á wọlé ní Iléṣà, á wọlé ní Ìtawurẹ́, á tún wọlé nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀?" Èmi á ní, "Rárá, mà, ó kù díẹ̀." Tí mo bá dé gáréèjì, èmi náà á pè é: "Ìyá mi, a ti gúnlẹ̀ o." Ìgbà yẹn ló máa tó sọ pé òun fẹ́ lọ sùn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń bá a bọ̀ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, táyà bọ́ọ̀sì wa jò ní Ìgèdè. Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, dírẹ́bà ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ni ìyá mi bá pè. "Ṣé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀?" Mo ń wo bọ́ọ̀sì náà bó ṣe dá ẹsẹ̀ kan sókè lórí jáàkì, ọ̀rọ̀ yẹn sì dún létí mi bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí. Gún ilẹ̀. Ohun tí kò kúrò lórí ilẹ̀ láti òwúrọ̀, ilẹ̀ wo ló tún fẹ́ gún?

Ohun tó bá ti orí omi bọ̀ nìkan ló ń gún ilẹ̀. Imú rẹ̀ á kọ́kọ́ kan yanrìn etídò, á gún un, á sì dúró. Ibẹ̀ là ń pè ní èbúté. Àṣé láti ogún ọdún tí mo ti ń dá ìyá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ apẹja là ń bá ara wa sọ, èmi àti obìnrin tí kò fojú rí òkun rí.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ "ọkọ̀" kí n má dúró wò ó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Èkìtì kò ní òkun, kò ní ọ̀sà. Orúkọ wa gan-an, ara òkìtì ló ti jáde. Omi tiwa, inú àpáta ló ti ń wá: èyí tó gbóná àti èyí tó tutù tí wọ́n pàdé ní Ìkọ̀gọ̀sì, Àrìnta tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, Ìgèdè tiwa níbí ló ti ṣẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀sì wa dúró sí lọ́jọ́ náà. Níbẹ̀, kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ọkọ̀ wọ́. Ó di ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ń ya wọ inú ọ̀sà, kó tó di omi ọlọ́kọ̀. Mo máa ń rò ó báyìí pé omi ń ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ bá ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará etí ọ̀sà sì ń gòkè bọ̀ wá bá wa.

Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kọ ọ́ sára pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. A fi ohùn kọ ọ́ lórin títí ó fi mọ́ wa lára. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ́ ló lágbára jù níwájú àwọn ará ilé mi, nítorí àgbẹ̀ ni wá. Ẹ̀ka-èdè tiwa sì fẹ́ràn kó yí ọ̀rọ̀ padà sí bó ṣe tọ́ sí i lẹ́nu: ilé di ulé, iṣu di uṣu, iṣẹ́ di uṣẹ́. Ọkọ̀ kò yí. Bí ará Ẹ̀pẹ́ ṣe ń pè é ni ará Ìkẹ́rẹ́ náà ń pè é.

Ọdún méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ kún inú rẹ̀. Ohun tí Nóà kàn, ọkọ̀ ni. Ohun tí Pétérù àti Jòhánù fi ń pẹja ní Gálílì, ọkọ̀ ni. Ohun tó fọ́ mọ́ Pọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lójú òkun pẹ̀lú èèyàn 276 nínú rẹ̀, ọkọ̀ ni. Crowther fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ ń jẹ́: ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n jù ú sí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló sì já a gbà ní 1822 tó gbé e lọ sí Sàró. Ó di oṣù January ọdún 1886 kí Karl Benz tó gba ìwé àṣẹ lórí mọ́tò rẹ̀ ní Jámánì. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n tẹ Bíbélì náà, kò sí ọkọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè rò bí kò ṣe ti orí omi. Tí wọ́n bá sọ pé "wọ́n ṣíkọ̀", omi ni. Tí wọ́n bá ní "atukọ̀", omi náà ni.

Ọdún 1886 yẹn kan náà ni ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Èkìtì tó ń kà mí ronú sí èyí, nítorí a máa ń sọ ìtàn Fábùnmi Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèngbé bí ẹni pé orí òkè ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tó sì ti parí. Àwọn ìbọn ìgbàlódé tó yí ojú ogun náà padà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó ló ń wá wọn ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó tí John Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, ṣí ní 1872 ló wúlò fún wọn: ọkọ̀ á gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà oòrùn, lẹ́yìn náà ni ẹrù á tó bọ́ sórí èèyàn, wọ́n á gba inú igbó gòkè wá. Ẹni tó bá ń sọ pé ọkọ̀ omi kò kan Èkìtì, kó rántí bí ìbọn ṣe dé.

Nígbà tí òyìnbó wá gbé àwọn ohun ìrìnnà tuntun dé, àwọn bàbá wa ní láti sọ wọ́n lórúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọ́n sì wò ó dáadáa. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn nígbà tó fi máa di 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, kò yà sí ọ̀dọ̀ wa títí dòní. Wọ́n wo ohun gígùn náà tó ń gbé èèyàn sínú tó ń sáré lórí irin, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń sáré lórí títì di ọkọ̀ ilẹ̀, kékeré rẹ̀ di ayọ́kẹ́lẹ́ nítorí kì í pariwo bíi lọ́rì. Èyí tó fò di ọkọ̀ òfurufú, ibi tó ń bà sí sì di pápákọ̀, a ti ní ọ̀kan nísinsìnyí ní Adó.

Kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ kò fi di ọkọ̀? Ìbéèrè yìí ló gba oorun lójú mi. Kẹ̀kẹ́ ń gbé èèyàn, ó ń rin ọ̀nà, ó tilẹ̀ ṣáájú mọ́tò dé ọ̀pọ̀ ìlú wa. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é lọ́kọ̀. Alùpùpù náà dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, òórùn epo bẹntiróò, àti èéfín, kò di ọkọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí à ń lò. A ń gun kẹ̀kẹ́, a ń gun alùpùpù, bí a ṣe ń gun ẹṣin. Ọkọ̀ la kì í gùn. Wíwọ̀ là ń wọ̀ ọ́, bí ẹni wọ ilé. Ohun tó sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ kì í ṣe omi, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ikùn rẹ̀ ni. Igi ńlá tí a gé lulẹ̀ tí a gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, tí èèyàn bọ́ sínú ihò náà tó sì jókòó, òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó bá ní inú tí èèyàn ń wọ̀, tó sì ń gbé e lọ, ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó lọ sí Òkèṣà ní Adó kó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun gun Márúwá. "Mo wọ kẹ̀kẹ́ wá ni." Orúkọ rẹ̀ ń pè é ní kẹ̀kẹ́, ikùn rẹ̀ sì ń pè é lọ́kọ̀, ẹnu wa gbọ́ ohùn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí, nítorí ó fi hàn pé èdè náà ń ronú nínú wa láìjẹ́ pé a mọ̀.

A kò dá nìkan ṣe é, ó yẹ kí n sọ. Ìgbò ń pe ọkọ̀ igi ní ụgbọ, mọ́tò wá di ụgbọ ala, bààlúù di ụgbọ elu. Haúsá ń pe ọkọ̀ omi ní jirgi, tiwọn ni jirgin ƙasa fún rélùwéè, jirgin sama fún bààlúù. Haúsá jẹ́ kí mota dúró lórúkọ tirẹ̀ ní tiwọn, àwa fi ọkọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá tó bí ìyá mi, káfíńtà ni. Bọ́dì lọ́rì ló ń kàn. Nígbà náà, orí, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ nìkan ni lọ́rì máa ń gbé dé, àwọn káfíńtà ilé ló máa fi pákó ṣe ara rẹ̀, òun ni àwọn èèyàn ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Mo bá bàbá náà láyé díẹ̀. Mo rántí lẹ́búlẹ́bú pákó tó máa ń wà nínú irun apá rẹ̀, eruku rẹ̀ pupa nítorí igi líle ló ń lò, mo sì rántí bó ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ẹ̀gbẹ́ lọ́rì tuntun lẹ́yìn tó bá parí rẹ̀, pà, pà, bí ẹni na ẹ̀yìn màlúù. Tí wọ́n bá bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó máa ń ní, "Mo ń kan ọkọ̀." Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì sọ nípa Nóà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi rò nígbà náà pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Báyìí mo rí i pé pákó tí a tò pọ̀ tí a ṣe ní ikùn, kí èèyàn àti ẹrù lè wọ̀ ọ́, kò sí ìyàtọ̀ ńlá láàrin òun àti bàbá Ìlàjẹ tó ń kan ọkọ̀ létí òkun.

Ibi òkè ni ìdákọ̀ró ti wọlé tiwa. Nínú ìwé Hébérù, ìrètí ni wọ́n pè ní ìdákọ̀ró ọkàn, àwọn oníwàásù wa sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, n kò rí irin náà rí, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́. Tí lọ́rì tó gbé iṣu bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí agbára rẹ̀ bá ń tán, kọndọ́, ọmọ tó ń bá awakọ̀ ṣiṣẹ́, á bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì onígun mẹ́ta ní èjìká, á sáré tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì fi gbè é kí lọ́rì tó yí padà sẹ́yìn. Gbogbo èrò á mí kanlẹ̀. Ìyẹn ni mo rò pé ìdákọ̀ró jẹ́, igi kọndọ́. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé irin oníkọ́ tí wọ́n ń sọ sínú omi ni. Síbẹ̀, ẹ tú ọ̀rọ̀ náà: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Igi kọndọ́ ń dá ọkọ̀ ró. N kò ṣìnà. Títí dòní, tí wọ́n bá ka ẹsẹ Bíbélì yẹn, ọmọkùnrin tó ń làágùn lórí òkè Ẹ̀fọ̀n ni mo ń rí, mi ò sì fẹ́ fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tẹ̀lé ọkọ̀ gòkè bí èrò. À ń tukọ̀ ìlú, à ń tukọ̀ ìjọ, gómìnà di atukọ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn kan máa ń ka atọ́kùn ètò orí rédíò mọ́ ọn, wọ́n ń rò pé òkun wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ eégún kiri ìgboro ni atọ́kùn, ilẹ̀ gbígbẹ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun ní ìlú èyíkéyìí ní Èkìtì, ẹ gbọ́ àdúrà: ọkọ̀ ayé wa kò ní rì, kò ní dojú dé, á gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Àmín tí àwọn èèyàn ń ṣe níbẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Àgbẹ̀ kòkó, olùkọ́, oníṣòwò, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì wọ ọkọ̀ kankan lórí omi. Àdúrà yẹn jẹ́ tiwọn tọkàntọkàn.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí: ọkọ̀ tó ni orúkọ ni a wá ń fún ní àlàyé. Tí mo bá sọ "ọkọ̀" ní Adó, mọ́tò ni gbogbo yín rí. Kí ẹ tó rí èyí tó wà lórí omi, mo ní láti fi "ojú omi" kún un. Onílé di àlejò, wọ́n ń bi í léèrè ibi tó ti wá. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń rìn, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá nílé ìwé mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ìwé tí mo fi kọ́ ọmọ mi, àwòrán mọ́tò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú gbogbo wọn.

Ìdí rèé tí mo fi lọ sí Ìkún-Èkìtì, ní Mọ̀bà, níbi tí dáàmù wà. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń pẹja lórí omi náà. Mo bá bàbá kan létí omi, ọmọ Ìlàjẹ tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ń fi owú di ojú pákó ọkọ̀ rẹ̀ kó tó fi ọ̀dà kùn ún. Òórùn ọ̀dà náà gba gbogbo ibẹ̀. Agolo mílíìkì tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ fún gbígbọ́n omi, àjẹ̀ kan sì nà gbalaja lórí koríko, ibi tí ọwọ́ ń dì í mú ti dán bí eyín.

Mo kí i, mo ní, "Bàbá, kí ni orúkọ tí ẹ ń pe ọkọ̀ ojú omi yìí?"

Ó wò mí. "Ọkọ̀."

"Ọkọ̀ nìkan?"

"Ṣé o rí òmíràn lórí omi yìí ni?"

Mo bi í pé, èyí tí mo wọ̀ wá láti Adó ńkọ́? Ó ní, "Mọ́tò nìyẹn." Ó tún fi owú sí ojú pákó, ó fi ṣísẹ́lì tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọkọ̀. Kò burú. Ó ń gbé yín."

Ó ní ọkọ̀ kejì tó ti gbẹ, ó ní kí n bọ́ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó sórí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni jókòó sórí àlùpùpù, ó ní rárá o, kí n sọ̀kalẹ̀ sínú, kí ìdí mi kan ìsàlẹ̀. Ó ti àjẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì kúrò. Nígbà tí mo jókòó nínú ikùn ọkọ̀ náà, etí omi ga dé ìgbọ̀nwọ́ mi, pákó kan ṣoṣo ló wà láàrin èmi àti rẹ̀, mo sì ń gbọ́ omi tó ń yọ́ kọjá lábẹ́ mi. Àwọn òkè Mọ̀bà dúró yí wa ká. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀tún, òsì, omi ń kán sílẹ̀ láti ẹnu àjẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá gbé e sókè.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ń wo imú ọkọ̀. Ó wọ inú koríko etí omi, ó dún gbì, ara mi sì já síwájú díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ kàn lẹ́yìn. Ọkọ̀ dúró.

"A ti gúnlẹ̀," bàbá wí.

Mo fa fóònù yọ. "Ìyá mi, a ti gúnlẹ̀ o."

"Adúpẹ́. Gáréèjì wo lẹ wà?"

Mo ní ẹ̀bá omi ni, ní Ìkún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n tètè máa bọ̀ ní ulé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ti sọ̀kalẹ̀, ó ń fa imú ọkọ̀ wọ orí ilẹ̀, omi sì ń kán láti ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi.